Tírélà mi ti ní bíréèkì: iṣẹ́ Sátidé mẹ́rin

Nílé, bí èèyàn bá dárúkọ tírélà, ọkọ̀ gìrìwò tó ń gbé símẹ́ǹtì kúrò ní Ewékorò lọkàn máa ń lọ sí. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ jẹ́ 5, ásúlù kan péré ló ní, ìyẹn irin tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, táyà méjì. Èmi ni mo gé irin rẹ̀ tí mo sì jó o pọ̀ nínú gáréèjì wa ní Houston, torí iṣẹ́ tí èmi àti ìyàwó mi ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀: àga, tábìlì, kánópì àti jẹnẹrétọ̀ la máa ń fi háyà fáwọn tó ń ṣe ìnáwó. Ẹni tó bá mọ bí ọmọ Yorùbá ṣe pọ̀ tó ní ìlú yìí á mọ̀ pé Sátidé tí ò sí òde ṣọ̀wọ́n.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi fà á kiri láìsí bíréèkì kankan lára rẹ̀. Bíréèkì Tundra, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Toyota mi, ló ń dá ọkọ̀ dúró, òun náà ló ń dá tírélà dúró. Òfin Texas ò sì bá mi wí. Tírélà tí ìwúwo òun àti ẹrù rẹ̀ ò bá kọjá 4,500 pọ́n-ùn, wọn ò fi dandan lé e pé kó ní bíréèkì. Mo ti gbé tèmi gun òṣùwọ̀n rí ní ibùdó àwọn ọkọ̀ akẹ́rù: òfìfo rẹ̀ jẹ́ 940, nígbà tí ẹrù kún un tán ó di 3,180. Ásúlù rẹ̀ lè gbé 3,500. Mi ò lu òfin kankan.

Lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹta, à ń bọ̀ láti òde kan ní Dallas, a ti dé ìtòsí Huntsville lójú ọ̀nà I-45, níbi tí ilẹ̀ ti ń gòkè tó sì ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ iwájú mi ṣàdédé dúró. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. Tundra fẹ́ dúró, tírélà ò fẹ́. Ṣe ló ń tì wá látẹ̀yìn bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn, ìdí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà sápá òsì. Wọ́n ní ẹni tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Èyí témi pọ̀n yìí ò tiẹ̀ mọ̀ pé a ti ń wá ibi tá a máa dúró sí. Ohun tó kù láàárín èmi àti ọkọ̀ iwájú ò ju gígùn àga kan lọ. Ìyàwó mi pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, kò tún sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi délé. Nígbà tá a sọ ẹrù kalẹ̀ tán ló wá sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́: “Bàbá Tọ́lá, tírélà yìí ò tún ní bá mi jáde láìní bíréèkì.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò ṣòro láti lóye bíréèkì oníná. Ó jọ bíréèkì ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ àtijọ́: dúrọ́ọ̀mù, ṣúù méjì nínú rẹ̀, àti àwọn sípíríǹgì tó ń fa ṣúù padà. Àmọ́ kò ní ọ́ìlì bíréèkì, kò sì ní páìpù. Òòfà kan ló wà nísàlẹ̀, tó so kọ́ apá irin kan. Bí iná bá dé ọ̀dọ̀ òòfà yìí, á lẹ̀ mọ́ ojú inú dúrọ́ọ̀mù tó ń yí. Dúrọ́ọ̀mù á fẹ́ wọ́ ọ lọ, bó sì ṣe ń wọ́ ọ ni apá irin á ti ṣúù méjèèjì síta, tí wọ́n á fi gbá dúrọ́ọ̀mù mú. Táyà tó ń yí gan-an ló ń mú agbára wá. Iná kàn ń jí òòfà ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi iná sí i nígbà tí tírélà dúró sójú kan, kùn-ùn lásán lẹ máa gbọ́, ẹ sì lè rò pé kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yà mí lẹ́nu nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, tírélà tó bá ti ju 750 kìló lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì, àmọ́ èyí tí gbogbo èèyàn ń lò ni irú tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí tírélà bá ti ọkọ̀ látẹ̀yìn. Bó ṣe ń tì ni irin orí rẹ̀ á wọnú, á sì fa bíréèkì. Níbí náà, wọ́n ń lo irú ẹ̀ fún tírélà ọkọ̀ ojú omi, torí pé iná àti omi ò bára wọn rẹ́. Mi ò bá a lọ torí mo fẹ́ ohun tí mo lè fọwọ́ fà látinú ọkọ̀ láì tẹ bíréèkì Tundra rárá. Bí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, bíréèkì tírélà nìkan lèèyàn fẹ́ fà nírú àkókò yẹn.

Ohun tí mo rà: bíréèkì méjì, tòsì àti tọ̀tún, 10 íǹṣì ní ìbú, ṣúù rẹ̀ 2¼ íǹṣì, ìyẹn èyí tó bá ásúlù 3,500 mu. Dúrọ́ọ̀mù méjì tí họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín táyà tó ń yí lórí ásúlù, ti wà lára rẹ̀, ojú nọ́ọ̀tì márùn-ún. Bíárìn àti síìlì tuntun. Fíláǹjì méjì, ìyẹn àwo irin onígun mẹ́rin tí wọ́n ń dè bíréèkì mọ́. Kọ́ńtúrólà kan fún inú ọkọ̀, tó ń fi iná ránṣẹ́ sí bíréèkì tírélà, tó sì ní lẹ́fà téèyàn lè fọwọ́ fà. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ 7, tó ń so wáyà tírélà mọ́ ti ọkọ̀, láti rọ́pò ẹlẹ́sẹ̀ 4 tó wà níbẹ̀. Bátìrì kékeré kan pẹ̀lú súwíìṣì rẹ̀, tí mo máa ṣàlàyé níwájú. Lápapọ̀, owó náà sún mọ́ 500 dọ́là. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè ìdí tí mi ò fi ra odidi ásúlù tuntun tí bíréèkì ti wà lára rẹ̀. Ìbéèrè tó dáa ni. Ká ní mi ò ní wẹ́dà nínú ẹbí, ohun tí ǹ bá ṣe nìyẹn, ohun tí mo sì máa sọ fún ẹlòmíì pé kó ṣe nìyẹn.

Sátidé kìíní

Kí n tó na kọ́bọ̀ lórí dúrọ́ọ̀mù, mo ti kọ́kọ́ tú họ́ọ̀bù àtijọ́ láti wo bíárìn. Ẹ má ṣe fo ibí yìí o. Àwọn ásúlù kan wà tó jẹ́ pé bíárìn inú àti ti ìta rẹ̀ dọ́gba, L44649 méjèèjì. Dúrọ́ọ̀mù bíréèkì tí wọ́n ṣe fún ásúlù 3,500 ò ní wọ irú ẹ̀. Tèmi ní L44649 níta àti L68149 nínú, orí irin náà sì jẹ́ 1.378 íǹṣì níbi tí bíárìn inú ń jókòó sí. Inú mi dùn, torí mi ò kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀ nígbà tí mo ra ásúlù yẹn. Kí ló ń ṣe mí nígbà yẹn ná?

Mo gbé tírélà sórí jáàkì, mo fi igi àti irin gbé e ró lábẹ́ férémù, mo tú táyà àti họ́ọ̀bù méjèèjì, mo nu gíríìsì kúrò títí irin fi ń dán. Lẹ́yìn náà ni mo fi gíráíńdà há ọ̀dà kúrò lára ásúlù níbi tí fíláǹjì máa jókòó sí, íǹṣì mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan. Òòrùn Houston ti là wọ orí mi nígbà yẹn. Mo palẹ̀ mọ́.

Sátidé kejì: fíláǹjì

Ẹ̀rù ibí yìí ló bà mí jù. Tírélà yìí, èmi ni mo jó o, ìyẹn ò sì fi mí ṣe wẹ́dà. Irin áńgù tó bá wọ́ díẹ̀ lára férémù, ọ̀dà á bò ó. Fíláǹjì tó bá wọ́, ṣúù á máa ha dúrọ́ọ̀mù lápá kan, apá kejì ò ní kàn án láéláé. Èyí tó bá sì já sójú títì ń kọ́? Mo bẹ àbúrò ìyàwó mi, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní yáàdì tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀, ó wo ẹ̀rọ mi tó wà nígun gáréèjì, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan.

Àwa méjèèjì lo wákàtí mẹ́ta láti wọn nǹkan, ká tó jó ohunkóhun. A ti fíláǹjì wọ ara ásúlù, a fi bọ́ọ̀tì mẹ́rin so bíréèkì mọ́ ọn láì fún un, a gbé dúrọ́ọ̀mù pẹ̀lú bíárìn rẹ̀ sí i, a wá ń sún fíláǹjì síwá sẹ́yìn. À ń wá ibi tí ṣúù ti máa bo ojú dúrọ́ọ̀mù dáadáa, tí òòfà ti máa kan ojú rẹ̀ ní pẹrẹsẹ, tí etí dúrọ́ọ̀mù ò sì ní ha àwo ẹ̀yìn bíréèkì. Nígbà tá a rí i lápá òsì, a wọn ọ̀nà tó jìn sí orí ásúlù, a gbé ìwọ̀n kan náà lọ sápá ọ̀tún.

Nǹkan mìíràn tún wà tí mi ò ronú kàn. Ihò mẹ́rin tó wà lára fíláǹjì lè dojú kọ ibikíbi, torí ásúlù yìí róbótó. Bó bá yí díẹ̀, bíréèkì á jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kí rọ́lù tí wọ́n fi ń tún ṣúù ṣe wà, kí ọwọ́ èèyàn lè dé ibẹ̀ látẹ̀yìn. A gbé ìwọ̀n olómi lé orí ibi tí sípíríǹgì tírélà jókòó sí, a gbé e lé orí bíréèkì, a tún un yí títí méjèèjì fi bára mu.

Àbúrò mi fi iná kàn án níbi mẹ́ta péré, ó ní kí n yí dúrọ́ọ̀mù. Ó ti di wáyà tín-ín-rín kan mọ́ àwo ẹ̀yìn bíréèkì, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dúrọ́ọ̀mù. Bí mo ṣe ń yí i, à ń wo àyè tó wà láàárín wọn. Lápá ọ̀tún, àyè náà dọ́gba yíká. Tòsì ń fẹ̀, ó ń há. Ó gé ibi kan tó ti jó, ó fi òòlù gbá fíláǹjì lẹ́ẹ̀kan, “gbì”, ó ní kí n tún yí i. Ó ti tọ́. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ ibi tí yóò gbá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jó o kí òjò tó dé.”

A yọ bíréèkì, dúrọ́ọ̀mù àti bíárìn kúrò pátá, torí bíárìn tí iná wẹ́ẹ̀dì bá gba inú rẹ̀ kọjá ti bàjẹ́ nìyẹn, bí ojú ò tiẹ̀ rí i. A fi aṣọ tútù wé orí ásúlù kí iná má ta sí i. Ó jó o díẹ̀, ó bọ́ sódìkejì, ó jó díẹ̀, ó dúró kó tutù. Ó ní bí òun bá jó o yíká lẹ́ẹ̀kan náà, ooru á tẹ ásúlù. Ní agogo méjì ọ̀sán ó ti parí. Iṣẹ́ tí mo ti ń fi ẹ̀rù rẹ̀ sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì tán láàárín ọjọ́ kan, ó sì tọ́.

Sátidé kẹta: bíréèkì àti wáyà

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ràn mí lọ́wọ́. Mo ti gbé bíréèkì kan sójú rẹ̀ mo sì ń wá nọ́ọ̀tì nígbà tó bi mí pé, “Dádì, kí ló dé tí ṣúù kan kúrú ju èkejì lọ?” Mo wò ó. Ṣúù tó kúrú, iwájú tírélà ló yẹ kó dojú kọ. Èyí tó gùn máa wà lẹ́yìn. Èyí tí mo gbé síbẹ̀, ẹ̀yìn ni kúkúrú wà. Tọ̀tún ni mo gbé sápá òsì! Bí mo bá dè é bẹ́ẹ̀, yóò máa mú, àmọ́ kò ní lágbára bó ṣe yẹ, mo sì lè máa wá ìdí rẹ̀ fún oṣù kan. Mo ra áíìsì kiriìmù fún un nírọ̀lẹ́.

Dúrọ́ọ̀mù tuntun máa ń ní epo lára kó má dípata. Mo fi omi tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì nù ún lẹ́ẹ̀mejì, mo wọ ìbọ̀wọ́ tuntun kí n tó fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ti gíríìsì wọnú bíárìn títí ó fi ń jáde lódìkejì, mo lu síìlì wọlé jẹ́jẹ́ pẹ̀lú pátákó. Síìlì ọ̀hún, ẹ mú un ní pàtàkì. Bó bá jò, gíríìsì á bọ́ sára ṣúù, ṣúù tó bá sì ti mu gíríìsì, kò sí fífọ̀ tó ń mú un bọ̀ sípò. Tuntun lẹ máa rà. Àwọn ásúlù tó ní ẹnu gíríìsì lórí máa ń fa èyí nígbà tí ẹni tó ni ín bá ń fún gíríìsì sí i bí ẹni ń fún ọṣẹ ìfọyín.

Nọ́ọ̀tì bíárìn: mo fún un dé 50 ẹsẹ̀-pọ́n-ùn bí mo ṣe ń yí dúrọ́ọ̀mù, mo tú u padà, mo wá fi ìka lásán fún un, mo ki pínnì bọ̀ ọ́. Ti táyà, 100, ní ìpele mẹ́ta. Ti ṣúù náà rọrùn: ihò kan wà lẹ́yìn bíréèkì, ẹ fi ìrin pẹlẹbẹ yí rọ́lù inú rẹ̀ títí táyà ò fi yí mọ́, kí ẹ wá dá a padà bíi eyín 10. Ó yẹ kí táyà yí fàlàlà, kí ẹ kàn máa gbọ́ ìró ṣúù tó ń ha fẹ́ẹ́rẹ́.

Ó ku wáyà, èyí tí mo fojú kéré. Kí n tó wá sí Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ rewáyà ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn. Òòfà kọ̀ọ̀kan ní wáyà méjì, kò sì kan òòfà èyí tó jẹ́ pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gátíìfù. Mo so ọ̀kan láti òsì àti ọ̀kan láti ọ̀tún pọ̀ mọ́ wáyà aláwọ̀ búlúù nọ́ńbà 12, mo gbé e lọ síwájú sínú púlọ́ọ̀gì tuntun. Àwọn méjì tó kù, mo de wọ́n mọ́ férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ásúlù. Mo ha ọ̀dà kúrò dé irin pọ́ńbélé, mo fi bọ́ọ̀tì àti gíríìsì sí i. Iṣẹ́ tó mọ́. Wáyà funfun inú púlọ́ọ̀gì, tó jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà, mo so ó mọ́ ibi tí ti àtijọ́ wà lórí férémù níwájú. Ọdún mẹ́ta ni iná ẹ̀yìn ti ń fi ibẹ̀ ṣiṣẹ́ láìsí ìyọnu.

Bátìrì kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, fún ọjọ́ tí tírélà bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ ni. Wáyà irin kan so súwíìṣì rẹ̀ mọ́ Tundra. Bí tírélà bá já, wáyà náà á fa pínnì yọ, bátìrì á fi gbogbo iná rẹ̀ fún òòfà, bíréèkì á sì dì mú. Òfin ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ọkọ̀ iṣẹ́ ní kó lè dì í mú fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bátìrì tèmi jẹ́ 5 ámpì-wákàtí. Òòfà méjèèjì ń gba nǹkan bí ámpì 6, ìyẹn ámpì-wákàtí 1½ fún ìṣẹ́jú 15. Ó tó, ó ṣẹ́kù, bí èèyàn ò bá gbàgbé láti máa chájì rẹ̀.

Kọ́ńtúrólà ò gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Tundra ní sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Èyí tó ń mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dúró kíkan tó ni mo rà: bí mo bá tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, iná díẹ̀ lá fi ránṣẹ́, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fi púpọ̀ ránṣẹ́. Àwọn tí owó wọn kéré jù ú lọ wà, tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń ka ìṣẹ́jú àáyá, tí wọ́n á sì máa fi iná kún un bí ẹsẹ̀ bá ṣe pẹ́ lórí bíréèkì tó. Mi ò fẹ́ ìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé táyà kúrò nílẹ̀, mo fa pínnì súwíìṣì yọ. Ọmọ mi ń yí táyà. Ó yí díẹ̀, “gbà”, kò lè yí mọ́. Apá kejì náà bẹ́ẹ̀. Mo ti parí iṣẹ́. Ohun tí mo sọ fún ìyàwó mi nìyẹn.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀

Lọ́jọ́ Àìkú, mo so tírélà mọ́ Tundra. Ojú kọ́ńtúrólà sọ pé òun ti rí tírélà. Mo jáde lọ sí pápá ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo, mo sáré dé máìlì 25 ní wákàtí, mo fi ọwọ́ fa lẹ́fà kọ́ńtúrólà dé òpin. Tírélà fà mí sẹ́yìn bí ọmọ kékeré tó di ìṣẹ́tí aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Mo gbé agbára rẹ̀ sókè dé ìdí, bákan náà ni.

Mo rò pé ṣúù tuntun ni kò tíì mọ ojú dúrọ́ọ̀mù. Mo padà sílé, mo tún ṣúù fún lọ́tùn-ún lósì. Kò yí padà. Mo tú dúrọ́ọ̀mù òsì, mo wá gíríìsì tì. Mo wọn òòfà: óòmù 3.8, ekejì 3.8. Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, mo ti ń fẹ̀sùn kan kọ́ńtúrólà, mo ti ń wá ìwé tí wọ́n fi tà á kí n lè dá a padà.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé bí mo bá fa pínnì yọ, bíréèkì ń mú bí àgádágodo. Òòfà kan náà ni, wáyà búlúù kan náà ni. Báwo ni bátìrì kékeré bí bíríkì ṣe wá lágbára ju ti Tundra lọ?

Lọ́jọ́ Ajé, mo pe ọ̀gá mi ní Ìbàdàn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò rí tírélà tó ní bíréèkì oníná rí láyé rẹ̀. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá,” mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́ títí mo fi parí. Ó wá ní, “Iná yẹn, o ti sọ bó ṣe ń lọ. O ò tíì sọ bó ṣe ń padà sílé.”

Ojú tì mí débi pé mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé ṣọ́ọ̀bù. Òmùwẹ̀ ni odò ń gbé lọ lóòótọ́.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ pẹ̀lú mítà. Mo gé wáyà búlúù, mo fi mítà sáàárín rẹ̀ láti ka ámpì, ọmọ mi jókòó sínú ọkọ̀ ó fa lẹ́fà dé òpin. Ámpì 2.6. Ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 6. Mo wọn fóòtì tó wà lórí òòfà fúnra rẹ̀: 4.9, nígbà tí bátìrì Tundra jẹ́ 12.6. Ibo ni èyí tó kù wọlé sí? Mo fi ẹnu mítà kan sórí férémù tírélà, mo fi ekejì sórí nẹ́gátíìfù bátìrì Tundra. Kò yẹ kí mítà rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ka fóòtì 7.2.

Ojú ibẹ̀ náà rèé: ẹ́ẹ̀tì àtijọ́ níwájú férémù. Síkúrù kékeré kan ni mo fi dè é lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo dè é gba orí ọ̀dà kọjá, ìpata sì ti jẹ abẹ́ rẹ̀. Iná ẹ̀yìn tírélà mi jẹ́ LED, wọn kì í jẹun púpọ̀. Ẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́ ń tó wọn jẹ, wọn ò sì fi ohun kan hàn mí. Òòfà fẹ́ ámpì 6, wọ́n bá pàdé ibi tó há. Bọ́ọ̀lù ìfà tí tírélà so kọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, tí gíríìsì bò, sì ni ọ̀nà kejì tí iná lè gbà padà, ìyẹn ò sì tó ọ̀nà. Ti bátìrì kékeré, orí tírélà lòun fúnra rẹ̀ wà. Nẹ́gátíìfù rẹ̀ àti ti òòfà wà lórí férémù kan náà, kò fi ibi síkúrù yẹn ṣe nǹkan kan. Ìdí tó fi ń mú nìyẹn. Àlàyé náà ti wà lójú mi láti ọjọ́ Sátidé.

Mi ò kàn fún síkúrù. Mo fa wáyà funfun tuntun, nọ́ńbà 10 tó nípọn ju nọ́ńbà 12 lọ, láti ìdí òòfà méjèèjì tààrà dé inú púlọ́ọ̀gì, mo jó àwọn ojú ìsopọ̀ pẹ̀lú òjé, mo fi rọ́bà tó ń sún kì bí iná bá kàn án bò wọ́n. Mo tún so férémù mọ́ wáyà náà, torí iná ẹ̀yìn àti bátìrì kékeré. Àwọn ìdè búlúù kékeré tí wọ́n fi pìláyà tẹ̀ mọ́ wáyà, tí mo ti lò níbi méjì, mo gé wọn dànù. Òjò àti iyọ̀ ló ń jẹ wọ́n. Mo tún wọ̀n ọ́n: ámpì 6.0, fóòtì 11.4 lórí òòfà, 0.4 láàárín férémù àti bátìrì Tundra. Ẹ lè fi fóònù dán òòfà wò pẹ̀lú: ẹ ṣí kọ́ńpáàsì inú rẹ̀, ẹ gbé e sún mọ́ táyà, kí ẹnì kan fa lẹ́fà. Ọmọ mi ṣe èyí nígbà ogún, ìró kùn-ùn àti abẹ́rẹ́ tó ń fò ń pa á lẹ́rìn-ín.

Sátidé kẹrin

Pápá kan náà, máìlì 25 kan náà. Mo fa lẹ́fà, táyà tírélà méjèèjì dì, wọ́n ha orí kọnkéré. Mo dín agbára rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń fà mí sẹ́yìn gan-an láì jẹ́ kí táyà dì. Lẹ́yìn náà, ojú ọ̀nà tó dákẹ́: máìlì 40 sí 20, lẹ́ẹ̀ogún, pẹ̀lú àyè díẹ̀ láàárín kó lè tutù, kí ṣúù lè mọ ojú dúrọ́ọ̀mù. Òórùn rẹ̀ ò dùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún, mo rí i pé ó ti ń mú ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, mo tún dín agbára kù.

Mo fi ẹ̀rọ tó ń ka ooru wo họ́ọ̀bù. Tọ̀tún gbóná ju tòsì lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìwọ̀n 30. Mo dá rọ́lù apá ọ̀tún padà eyín méjì, wọ́n bá ara wọn mu.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a kó ẹrù lọ sí Dallas: kánópì mẹ́fà, àga 120, jẹnẹrétọ̀ àti tábìlì. Ìyàwó mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń wo lẹ́fà kékeré yẹn lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù bí ẹni tó ń wo àlejò. Nígbà tá a sún mọ́ Huntsville lọ́nà àbọ̀, ó ní kí n tẹ bíréèkì. Mo ní kò sí ọkọ̀ níwájú wa. Ó ní òun mọ̀, kí n sáà tẹ̀ ẹ́. Mo wo dígí ẹ̀yìn, ọ̀nà ṣófo, mo tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ àti tírélà fà rọra, wọ́n lọ sílẹ̀ pọ̀, kò sẹ́ni tó ti ẹnì kejì. Ó mi orí, ó dá àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó sùn lọ.

Mo ti rin máìlì 480 lórí rẹ̀ báyìí. Mo tún ṣúù ṣe lẹ́yìn máìlì 200 bí ìwé rẹ̀ ṣe wí. Ìgbà tó kàn ni bó bá fi máìlì 3,000 kún un. Fíláǹjì ò tíì rí ọ̀dà, torí òjò ò jẹ́ kí n ráyè. Àbúrò ìyàwó mi ti ní òun ń bọ̀ wá wò ó, ó sì ní kí n má fọwọ́ kan ẹ̀rọ wẹ́ẹ̀dì mi kí òun tó dé.